Okùn Ẹ̀yìnkùlé Wa

Káfíńtà ni Bọ̀dá Múfù, àbíkẹ́yìn ìyá àgbà mi, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa ló sì burú jù ní gbogbo Ìta Fájì. Bí ẹ bá ní kí n fi gbólóhùn kan ṣàlàyé irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, mo ti sọ ọ́ yẹn. Ilẹ̀kùn ọ̀hún kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní bóòtù. Ọ̀kan nínú híńjì rẹ̀ ti jẹrà tán, èkejì ti ń palẹ̀ mọ́. Okùn la fi ń dè é mọ́ ìṣó ńlá kan tó wà lókè lára ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á tú okùn, ẹni tó bá wọlé á dè é padà, ẹni tó bá sì gbàgbé, ohùn Ìyá Àgbà á lé e bá lójú títì. Bí àlejò bá wá sùn, a ó kọ́kọ́ fi okùn hàn án kí a tó fún un lómi. Kì í sì í ṣe pé Bọ̀dá Múfù kọ̀ láti tún un ṣe o, ẹ má bà á lórúkọ jẹ́. Bọ̀dá Múfù kò kọ iṣẹ́ rí láyé ẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, tó bá dọ̀la." Ó ń lọ kan ilẹ̀kùn ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ó ń lọ kan kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn olówó Ìkòyí, ọwọ́ kan náà tó fi ṣe gbogbo ìyẹn ló sì máa fi tú okùn wọlé bí ó bá dé. Á tún dè é padà dáadáa. Ó mọ okùn ún dè.

Ariwo ilé wa láàárọ̀ ní ètò tirẹ̀. Ládáànì á kọ́kọ́ pe ìrun, lẹ́yìn náà la ó máa gbọ́ bùtà tó ń kan sìmẹ́ńtì bí oníkálukú ṣe ń ṣe àlùwàlá, lẹ́yìn náà ni Màámi á bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànrìnkàn ha ìdí ìkòkò tó yẹ kó ti fọ̀ láti àná. Àwọn tó ń ru àkàrà kọjá á máa polówó ní òpópó. A ó kírun àsùbáà tán. Ìyá Àgbà á fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ tán, á fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, á wá gbóhùn sókè díẹ̀: "Múfù, ilẹ̀kùn yẹn." Bọ̀dá Múfù, tó ti padà sórí ibùsùn, á dáhùn láti inú yàrá láì lajú: "Tó bá dọ̀la, Ìyá." Mo ti dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èyí kò sí lára ìrun. Mo rò pé gbogbo ilé mùsùlùmí ló máa ń dárúkọ ilẹ̀kùn lẹ́yìn àmín. Ìgbà tí mo lọ sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Adéníji Adélé, wọ́n kírun tán, wọ́n dìde, wọ́n ń ká ẹní, èmi ṣì jókòó síbẹ̀ tí mò ń retí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ní, "Kúdí, kí lo ń dúró dè?" Mo ní ilẹ̀kùn ni. Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ni.

Ká sọ tòótọ́, Bọ̀dá Múfù nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé onító-bá-yá ni ilé wa. Bàbá mi, tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, ti ní òun máa kun pálọ̀. Ó kun ògiri kan, ọkọ̀ gbé e lọ, ìgbà tó sì fi dé, ojú wa ti mọ́ pálọ̀ tó ní ògiri kan ṣoṣo tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ni a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà, bí mo bá ti iléékéwú dé, ìgbà tí mo bá tún ń lọ ni mo tó máa ń fọ wàláà mi. Ìyá Àgbà nìkan ló yàtọ̀. Ohun tí Ìyá Àgbà bá ní òun máa ṣe, ó ti ṣe é kó tó sọ. Kò sì lè rí nǹkan gbọọrọ kó má ká a: gèlè, ẹní, lailọ́ọ̀nù, okùn. Á ká a roboto, á sì ki ìdí rẹ̀ bọ àárín kó má bàa tú. Kò sí ẹlòmíì tó ń ká nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé, torí kò sí ẹlòmíì tó ń ká nǹkan rárá. Òun àti ọmọ rẹ̀ á máa fi òwe ta ayò láàárọ̀. Tí Bọ̀dá Múfù bá ní, "Ìyá, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," Ìyá Àgbà á ní, "Àìtètè mólè, olè ń mú olóko." Òun á lọ síbi iṣẹ́, màmá rẹ̀ á lọ sí ìdí àdògán, ilẹ̀kùn á sì máa mì níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá jẹ́ ẹ̀rín lásán bí kò bá sí Àǹtí Síkírá. Ọmọ Olówógbowó ni, ó rẹwà, ẹnu rẹ̀ mú, Bọ̀dá Múfù sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun, òkèlè á dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí Síkírá ní bàbá. Alhájì Olówógbowó la máa ń pè é nílé wa, nítorí ẹ̀rù kì í jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ gan-an. Bàbá yìí a máa dé mọ́ṣáláṣí kí ládáànì tó dé, bí ládáànì bá sì wọlé, á wò ó bí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn. Ẹ sì mọ̀ pé láàárín àwa mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó, ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ fa àgbò wá sílé àna nígbà Iléyá. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin, àmọ́ ẹni tí kò bá ṣe é, kó má wulẹ̀ lálàá ìyàwó. Lọ́dún tó ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí, àgbò Bọ̀dá Múfù dé ilé Alhájì nígbà tí àwọn èèyàn ti jẹran tán, tí wọ́n ti ń fi eegun se ọbẹ̀. Ìyẹn náà, Ìyá Àgbà ló fà á lọ. Alhájì dúpẹ́, ó ní kí wọ́n jókòó, ó wá sọ pé, "Ìyá, ẹ kúuṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún ìyá àgbà." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Àgbà. Ó sọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà títí ó fi dé ilé, ó tún sọ ọ́ fún ìkòkò.

Ọdún tó tẹ̀lé e, Alhájì ránṣẹ́ sí wa kí Iléyá tó sún mọ́lé. Ó ní bí òun bá ti yídì dé tí òun kò bá àgbò Múfù lẹ́nu ọ̀nà òun, kí Múfù yáa wá ọmọ ẹlòmíì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì bá a fà á wá, torí ẹni tó bá bá a fà á ti bà á jẹ́ fún un. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ti ń lọ kí Alhájì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì pẹ́ dé rí. Bọ̀dá Múfù kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó wá di ọjọ́ kejì, ẹ ò ní gbà gbọ́, ó lọ ra àgbò. Iléyá ṣì jìnnà. Ìyá Àgbà rí àgbò ní àgbàlá, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún ayọ̀, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́.

Ó sunkún yá jù. Àgbò kúkú ti wà, fífà ló kù. Àgbò ńlá ni, funfun, ojú rẹ̀ dúdú yíká bí ẹni tó lé tìróò, bó bá sì ń rìn, á máa gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ìtò. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ṣọ́jà. A kì í so ó mọ́lẹ̀, àgbàlá ló ń dá rìn kiri, ilẹ̀kùn olókùn yẹn ló dá a dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìrun àsàárì, Bọ̀dá Múfù á wẹ̀, á dé fìlà, á ní, "Òní ni. Kúdí, máa bọ̀ wá lé e nídìí." Òun á ṣáájú, Ṣọ́jà á tẹ̀lé e, èmi á kẹ́yìn, a ó gba Ìdúmọ̀tà láàárín àwọn ọlọ́jà títí a ó fi dé Olówógbowó. Níbẹ̀, ìyá Àǹtí Síkírá ń dín dòdò lẹ́nu ọ̀nà. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá bó, Àǹtí Síkírá á kó o fún Ṣọ́jà, Ṣọ́jà á máa jẹ ẹ́ lójú méjèèjì. Bọ̀dá Múfù á wá bi í pé, "Alhájì ńkọ́?" Àǹtí Síkírá á ní, "Wọ́n wà ní mọ́ṣáláṣí." Mọ́ṣáláṣí ọ̀hún kò jìnnà, iwájú ilé wọn ló wà. Bọ̀dá Múfù á mí kanlẹ̀, á ní, "Mi ò lè fi àgbò lé obìnrin lọ́wọ́, wọn ò ní kà á sí." Á wá fara ti ògiri, wọn á máa tàkúrọ̀sọ, Ṣọ́jà á máa jẹ èèpo, èmi náà á rí dòdò díẹ̀ jẹ. Bí a bá ti gbúròó ikọ́ Alhájì tó ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, Bọ̀dá Múfù á rántí pé àgbò kò tíì sanra.

"Ẹ tún ń mú un padà ni?" Àǹtí Síkírá á bi í.

"Kò tíì sanra tó. Tó bá dọ̀la."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ò tíì sanra tó. Ẹ wo ọrùn yín."

"Síkírá, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ẹran ni o, Bọ̀dá Múfù. Bí ẹ bá fẹ̀sọ̀ mú un jù, á di ọ̀rẹ́ yín."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bọ̀. Ó di pé àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà ń fi wá mọ àsìkò. Bí wọ́n bá rí wa tí a ń lọ, wọ́n á máa palẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá rí wa tí a ń bọ̀, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú wọn a máa kígbe pé, "Káfíńtà, àná lẹ tún ń fà bọ̀ yẹn?" Mo máa ń bínú sí Bọ̀dá Múfù nígbà náà, torí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nísinsìnyí tí èmi náà ti di ẹni tó ń pe dókítà eyín pé mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti wá mọ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀lẹ ló fa ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rù ló fa ti àgbò. Bí ó bá fa àgbò lé Alhájì lọ́wọ́, tí Alhájì wò ó tán, tó wo òun náà, tó sọ pé rárá ńkọ́? Ẹni tí kò tíì béèrè, wọn ò tíì kọ̀ fún un. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fà á padà, ó ti tún fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ tí Síkírá fi jẹ́ tirẹ̀.

Iléyá ku ọ̀la. Gbogbo oníbàárà tí Bọ̀dá Múfù ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀dì àti àga fún pé "ó di Iléyá" ló dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì wà níbi iṣẹ́ tó ń kan ìṣó títí ilẹ̀ fi ń ṣú. A kò lọ sí Olówógbowó. Bí àsàárì ṣe kọjá, Ṣọ́jà dìde fúnra rẹ̀, ó lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó kọjú sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké, ó fi ìwo ti ilẹ̀kùn, ó wẹ̀yìn wò mí bóyá mò ń bọ̀. Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo àgbò náà títí. Mo fẹ́ lọ gbé ewé àti èèpo iṣu fún un kó lè dákẹ́, ni Ìyá Àgbà bá ní, "Fi í sílẹ̀. Má fún un ní nǹkan kan lálẹ́ yìí." Mo ní ebi á pa á. Ó ní, "Á jẹun lọ́la." Nígbà tí Bọ̀dá Múfù wọlé, ìyẹ̀fun igi kún irun rẹ̀, a rò pé Ìyá Àgbà á pariwo. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Bọ̀dá Múfù ló ń ṣàlàyé láì sí ẹni tó bi í: "Àárọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an ló dáa jù, Ìyá. Kí wọ́n tó jáde lọ sí yídì, mo ti dé ibẹ̀. Ẹ jí mi." Ìyá Àgbà ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Lọ sùn." Ìyá Àgbà tí mo mọ̀ kì í sọ pé ó dáa. Màámi pàápàá gbójú sókè.

Nígbà tí mo jí, tí mo bọ́ sí àgbàlá, kò sí Ṣọ́jà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ń gbá a. Mo pariwo pé okùn ti já, gbogbo ilé tú jáde. Bọ̀dá Múfù sáré jáde, apá agbádá kan ló wọ̀, ó wo àgbàlá, ó wo ilẹ̀kùn, ó tún wo àgbàlá bí ẹni pé àgbò lè wà lẹ́yìn bùtà. Ìyá Àgbà jáde sí i pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ní, "Ilẹ̀kùn yẹn." Kò fi nǹkan kan kún un. N kò rí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bọ̀dá Múfù jókòó sórí ilẹ̀ tòun ti agbádá tuntun.

A wá a. Ẹni tó bá ti wá àgbò láàárọ̀ Iléyá ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ ohun tí ojú wa rí, torí kò sí ojúlé tí kò ní àgbò, gbogbo wọn ló sì ń ké. Bí a bá gbọ́ igbe kan, a ó sáré síbẹ̀. Ní òpópó kejì, Bọ̀dá Múfù rí ọ̀kan, funfun, ojú rẹ̀ dúdú, ó fò mọ́ ọn, ó di ìwo rẹ̀ mú, ó ń sọ pé, "Ṣọ́jà, o fẹ́ pa mí." Bàbá kan tó wọ jálámíà jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó di ìrù àgbò náà mú.

"Ọ̀gá, ẹ fi ẹran mi sílẹ̀."

"Ẹran mi ni, ẹ wo tìróò ojú ẹ̀."

"Èmi ni mo lé tìróò fún un? Ẹ pè é lórúkọ, ká wò ó bóyá á dáhùn."

Bọ̀dá Múfù ní, "Ṣọ́jà." Àgbò ń wo ibòmíì. Bàbá náà ní, "Lọ́yà." Àgbò náà ké, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá Bọ̀dá Múfù kúrò lọ́nà. A tọrọ àforíjì. Nígbà tí a fi tọrọ àforíjì tán, àwọn èèyàn ti ń bọ̀ láti yídì, wọ́n gbé ẹní lé èjìká, wọ́n ń sọ fún wa pé ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Bọ̀dá Múfù kò kírun yídì, kò rí àgbò. Ó padà sílé, ó jókòó sórí pákó iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀, ó wá sọ pé, "Ìyá, tó bá dọ̀la, màá lọ ṣàlàyé fún Alhájì."

Ìyá Àgbà ti wé gèlè. Ó dúró níwájú rẹ̀. "Múfù, ọ̀la tí o ń sọ yìí, o ti ná an tán. Dìde ká lọ."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn, Ìyá?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá máa kọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ."

Ó dìde. Mo rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo di apá agbádá rẹ̀ mú ní gbogbo ọ̀nà. Ìdúmọ̀tà dá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Bọ̀dá Múfù ń fi ẹnu kọ́ ohun tó fẹ́ sọ: "Alhájì, ẹ má bínú. Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ̀bi." Ìyá Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn wa jẹ́jẹ́, ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń béèrè àwọn ọmọ wọn, kò kánjú rárá. Mo ronú pé ọkàn rẹ̀ ti kú ni.

Nígbà tí a yọ sí ilé Alhájì, Bọ̀dá Múfù kò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ Alhájì nìkan ló rí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga rẹ̀. "Ẹ kú ọdún, Alhájì. Àgbò ti sọ nù. Mo ti rà á tipẹ́, èmi ni mi ò fà á wá. Ilẹ̀kùn tí ìyá mi ti ń ní kí n tún ṣe láti ọjọ́ yìí ló gbà jáde, èmi náà ni mi ò tún un ṣe. Kò sẹ́lòmíì tó jẹ̀bi. Mo fẹ́ràn Síkírá, ẹ̀rù yín ló ń bà mí." Nǹkan kan wá fi imú ti fìlà kúrò lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè, òun àti Ṣọ́jà fojú kojú. Wọ́n ti so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga Alhájì, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù.

Alhájì kò rẹ́rìn-ín. "Múfù, ta lo ní ó sọ nù? Kí n tó jáde lọ sí yídì ló ti dé. Mo gbọ́ kọ̀kọ̀kọ̀, mo rò pé èèyàn ni, mo ṣílẹ̀kùn, òun ni mo bá. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan pẹ̀lú ẹ̀. Aládùúgbò wa kan tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ní òun rí i tó ń bọ̀ láti Ìdúmọ̀tà bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, òun yà fún un lọ́nà ni." Ó yí sí Ìyá Àgbà. "Ìyá, mo ní kí ẹnikẹ́ni má bá a fà á. Kò sẹ́ni tó fà á. Mo ní kí n bá a lẹ́nu ọ̀nà bí mo bá ti yídì dé. Ó ti dé kí n tó lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìdílé yín, òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa tètè dé ibì kan."

Ìyá Àgbà wolẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run tóbi, Alhájì."

"Mo ń rí ọ láti fèrèsé mọ́ṣáláṣí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Múfù. O ń fà á wá, o ń fà á padà. Mo ní kí n máa wò ọ́, bóyá o máa wọlé lọ́jọ́ kan. Àgbò kọ́ ni ìṣòro mi, Ọlọ́run á fún mi ní àgbò. Òní lo wá láì ní nǹkan kan lọ́wọ́, o sì sọ òótọ́. Èyí tí mò ń retí nìyẹn." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni tí ẹ̀rín kò mọ́ lára. "Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá. Ṣùgbọ́n Ìyá ni kó mú ọjọ́ wá o." Láti inú ilé, a gbọ́ Àǹtí Síkírá tó ń sọ pé, "Tàbí kí ẹ ní kí àgbò mú un." Bọ̀dá Múfù ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó gbàgbé láti dìde.

Wọ́n pa Ṣọ́jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì fi itan rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, bí wọ́n ti ń ṣe fún àna. Mo búra pé n kò ní jẹ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi ni. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mo ń sunkún. Màámi gbé epo kaná, ó ń dín in. Mo sunkún títí òórùn náà fi dé ọ̀dọ̀ mi, mo wá dìde lọ béèrè bóyá ó ti jinná, torí kí wọ́n má bàa jẹ ẹ́ ní tútù. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, wọ́n ní kí n lọ de ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Mo wá okùn nílẹ̀, n kò rí i. Ní gbogbo àárọ̀ tí a fi ń pariwo pé okùn já, kò sí ẹni tó gbójú sókè wò. Ó wà lórí ìṣó. Wọ́n ti ká a roboto, wọ́n ti ki ìdí rẹ̀ bọ àárín.

Mo mú un lọ bá Ìyá Àgbà, tó ń ta eyín. Mo ní, "Ìyá, okùn yìí kò já."

"Ta ló ní ó já?"

"Gbogbo wa. Ẹ̀yin náà ní ilẹ̀kùn yẹn."

"Mo ní ilẹ̀kùn yẹn. Mi ò ní okùn yẹn." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fà mí mọ́ra. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe, mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń bá mi dì í mú kó má ṣe é. Tó bá ti fi bóòtù síbẹ̀, ta ni ǹ bá dá lẹ́bi?" Ó mú ẹran tó kù nínú àwo rẹ̀, ó fi sí mi lẹ́nu. Ẹran náà tóbi, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ìdí tó sì fi fún mi nìyẹn.

Àǹtí Síkírá wọlé wa gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó bímọ, àwọn ọmọ náà kọ́ okùn ún dè kí wọ́n tó kọ́ bàtà á wọ̀. Bọ̀dá Múfù kò tún ilẹ̀kùn ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kú, ó kírun, ó nu ojú, ó ní, "Múfù, ilẹ̀kùn yẹn," Bọ̀dá Múfù sì dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn. Kó tó di ọ̀sán, Ìyá ti lọ. Lẹ́yìn tí a ṣe fídáù tán, tí àwọn àlejò túká, Bọ̀dá Múfù gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó yọ ilẹ̀kùn náà, ó kan tuntun, ó fi híńjì tuntun sí i, ó fi bóòtù sí i, omijé ń kán sórí pákó tó ń rẹ́. Kò sí ẹni tó lè wò ó. Lọ́jọ́ kejì, a kírun àsùbáà tán, a nu ojú, gbogbo wa sì jókòó sórí ẹní. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ilé náà kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó dùn mí dé egungun.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo lọ kí wọn. Bọ̀dá Múfù ti hewú, ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Mo rò pé ó tó àkókò, mo ní, "Bọ̀dá, Ìyá Àgbà ló tú okùn lọ́jọ́ Iléyá yẹn o."

Kò gbójú kúrò lára fóònù. "Mo mọ̀. Mo rí i lórí ìṣó nígbà tí a ti Olówógbowó dé, kí ìwọ tó rí i. Ta ló tún ń ká okùn bẹ́ẹ̀? Ìdí tí mi ò fi tún ilẹ̀kùn yẹn ṣe nígbà tó wà láyé nìyẹn. Mo fẹ́ kó máa rí okùn ẹ̀."

Àǹtí Síkírá dá a lóhùn láti ilé ìdáná. "Irọ́ ni, Kúdí, má gbà á gbọ́. Pẹpẹ ìdáná mi tó ti wọ́ láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Ìyá náà ló ká okùn tibẹ̀?"

"Síkírá, tó bá dọ̀la."

Nígbà tí mo ń lọ, mo gba ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn náà ṣì lágbára, bóòtù rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n kí n tó rántí pé bóòtù ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ti lọ sókè, ó ń wá okùn. Ìṣó nìkan ló bá. Ó ṣì wà lára ògiri níbi tó máa ń wà. Bọ̀dá Múfù ní òun máa yọ ọ́ lọ́la.